Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Makaróònì Oníwàrà Láìlo Ọbẹ̀ Funfun

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yàrá ìdáná tí ẹ ń gbọ́ ohùn wa láti òkèèrè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má ṣe torí tiwa fi ìkòkò sílẹ̀ kí ó jóná. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìkòkò àti iná náà ni.

Kí á tó jókòó, atọ́kùn ètò wa bi mí ní ìbéèrè kan tí ó mú mi rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹ̀yin ará Ìlá Ọ̀ràngún, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹmu dá, tí ẹ mọ iyán gún, kí ni ẹ fẹ́ fi makaróònì oníwàrà ṣe?" Ìbéèrè náà kò burú. Àwọn àgbà ti sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, n kò sì wá síhìn-ín láti lé iyán kúrò ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa: makaróònì ti pẹ́ tí ó ti di ará ilé. Láti Ìlá dé Òkè-Ìlá, títí dé Ọ̀rà, ìsọ̀ tí wọ́n bá ti ń ta ìrẹsì àti gaàrí, ẹ ó bá makaróònì níbẹ̀. Ata àti tòmátì ni a fi ń sè é. Ọmọ tí ó bá wá ka ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tí ó wo fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà, á dé ilé, á ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa se makaróònì oníwàràkàsì." Ìyá á wá ṣí ìwé ìdáná, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ìwé náà máa ń wí? Á ní kí o kọ́kọ́ se ọbẹ̀ funfun. Kí o yọ́ bọ́tà nínú ìkòkò, kí o da ìyẹ̀fun àlìkámà lé e, kí o máa rò ó lórí iná, kí o wá máa bu mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Inú rẹ̀ ni o óò ti yọ́ wàràkàsì kí o tó da makaróònì sí i. Ìṣòro mẹ́ta ló wà nídìí èyí. Èkíní, bọ́tà gidi wọ́n, kò sì sí ní gbogbo ìsọ̀. Èkejì, bí ọwọ́ kò bá yá, ìyẹ̀fun á di kókó, tàbí kí ó jó nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, mílíìkì tí ó wọ inú rẹ̀ pọ̀, inú ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gba mílíìkì. Ìyá á dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kò ní dára, owó á ti lọ, àwọn ọmọ á ti yọ ìmú, á sì ní, "Èyí kì í ṣe oúnjẹ tiwa."

Ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn yẹn ni mo wá bá yín jiyàn lé lórí. Òṣìṣẹ́ lásán ni ọbẹ̀ funfun nínú oúnjẹ yìí, òun kọ́ ni oúnjẹ náà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe lè dá a dúró, kí ó sì gba òṣìṣẹ́ mìíràn tí kò wọ́n tó o.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà lọ́pọ̀ mọ́ra, ẹ jẹ́ kí á pín orúkọ. Yorùbá a máa pe púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ní wàrà. Lónìí, mílíìkì ni n ó máa pe èyí tí a ń mu. Wàrà ni n ó máa pe èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe, tí wọ́n ń gbé wá sí ọjà nínú igbá pẹ̀lú omi rẹ̀. Wàràkàsì ni n ó máa pe ti òkè òkun, èyí tí ó gan, tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí a ń rín bí ẹni rín ilá.

Ó yá, ẹ wo páànù kékeré tí ó wà níwájú mi yìí. Mo ti gbé e ka iná. Mo ju wàràkàsì kan sí i lásán, láìfi nǹkan kan tì í. Ẹ wò ó bí ó ti ń rọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí iná mú un gan-an. Ẹ ti rí i báyìí: òróró ti yọ sókè, ó dá dúró lọ́tọ̀, nísàlẹ̀, nǹkan kan ti ṣù jọ, ó le bí rọ́bà. Bí a bá da makaróònì sí èyí, makaróònì olóróró tí rọ́bà há sí láàrin ni a óò jẹ.

Kí ló fà á? Ohun mẹ́ta pàtàkì ló wà nínú wàràkàsì: omi, ọ̀rá, àti purotéènì. Purotéènì náà dà bí àwọ̀n tí apẹja ń lò. Kálísíọ̀mù ni ó so ojú àwọ̀n náà pọ̀, inú àwọ̀n yìí sì ni ọ̀rá àti omi sá sí. Bí iná bá rà á díẹ̀, àwọ̀n á rọ̀, wàràkàsì á yọ́. Bí iná bá pọ̀ jù, àwọ̀n á sún kì, á fún ara rẹ̀ pọ̀, á sì fún ọ̀rá jáde bí ẹni fún aṣọ tí a fọ̀. Wàràkàsì tí ó ti pẹ́ nínú àká, tí ó gbẹ, tí adùn rẹ̀ mú, òun ni ó tètè ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Iṣẹ́ ìyẹ̀fun inú ọbẹ̀ funfun ni pé kí ó má jẹ́ kí ìjà yìí ṣẹlẹ̀. Sítáàṣì inú rẹ̀ a máa mu omi gbígbóná, a máa wú, a sì máa ki. Yóò wá dúró láàrin ọ̀rá àti purotéènì bí àgbàlagbà tí ó dúró láàrin ọmọ méjì tí ó fẹ́ jà: kò ní jẹ́ kí ọ̀rá bá ọ̀rá pàdé, kò sì ní jẹ́ kí purotéènì ṣù jọ. Bọ́tà tí a fi dín ìyẹ̀fun, kí ìyẹ̀fun má baà di kókó ni ó wà fún. Mílíìkì sì ni omi tí ìyẹ̀fun mu. Nítorí náà, ìbéèrè kan péré ló kù: ta tún ni ó lè dúró láàrin àwọn méjèèjì?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ ba àṣà onílé jẹ́, ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn wò díẹ̀. Àwọn alásè Ọba Richard Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìwé ìdáná kan jọ ní nǹkan bí ọdún 1390, tí a mọ̀ sí The Forme of Cury. Makaróònì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni pé kí a pò ìyẹ̀fun, kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, kí a gé e, kí a bọ̀ ọ́, kí a wá tẹ́ ẹ ní ìpele ìpele pẹ̀lú wàràkàsì àti bọ́tà. Kò sí ọbẹ̀ funfun níbẹ̀. Ní ọdún 1769, Elizabeth Raffald tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbẹ̀ ni a ti rí ọ̀rá orí mílíìkì pẹ̀lú bọ́tà tí a yí nínú ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mary Randolph ti ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà tẹ The Virginia House-Wife jáde ní ọdún 1824, inú omi àti mílíìkì ni ó ní kí a ti bọ makaróònì, kí a tẹ́ ẹ pẹ̀lú wàràkàsì àti bọ́tà, kí a sì yan án. Ọbẹ̀ funfun tún pòórá. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà láti ìgbà láéláé?

Nínú ìpínlẹ̀ Virginia yìí kan náà, ọmọ ènìyàn dúdú kan wà tí ó yẹ kí á rántí. James Hemings ni orúkọ rẹ̀. Ẹrú ni ó jẹ́ ní ilé Thomas Jefferson. Ní ọdún 1784, Jefferson mú un lọ sí Paris, ó sì kọ́ iṣẹ́ alásè ilẹ̀ Faransé níbẹ̀. Ọdún 1796 ni ó tó gba òmìnira. Nígbà tí Jefferson di olórí Amẹ́ríkà, ó fi makaróònì alájẹ̀ẹ́yan ṣe àlejò ní ọdún 1802, àlejò kan sì kọ ọ́ sílẹ̀. James ti kú nígbà náà, ní ọdún 1801. N kò sọ pé òun ni ó dá oúnjẹ yìí sílẹ̀, nítorí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn dúdú ti wà nínú ìkòkò yìí láti ìgbà pípẹ́, a kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí yàrá ìdáná wa. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Òṣìṣẹ́ kìíní ni omi tí a fi se makaróònì fúnra rẹ̀. Àlìkámà ni makaróònì, sítáàṣì sì kún inú rẹ̀. Bí ó bá ń hó, sítáàṣì yìí a máa jáde sínú omi. Àwa a sì máa gbé ìkòkò lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a óò sẹ́ ẹ, a óò da omi náà nù! Ohun tí ìwé ní kí á fi owó rà la dà nù yẹn. Bí a bá fi omi díẹ̀ sè é dípò omi púpọ̀, omi náà á ki, á sì ṣe iṣẹ́ tí ìyẹ̀fun ń ṣe. Ọ̀nà yìí ni àwọn ará Róòmù fi ń se oúnjẹ wọn kan tí wọ́n ń pè ní cacio e pepe: wàràkàsì, ata dúdú, àti omi tí wọ́n fi bọ oúnjẹ náà, ó parí.

Òṣìṣẹ́ kejì ni mílíìkì olómi inú agolo, èyí tí a ń dà sínú tíì. Wọ́n ti sè é títí tí bí ìdá ọgọ́ta nínú ìdá ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀ fi lọ. Nítorí náà purotéènì rẹ̀ sún mọ́ra, àwọn tí ń ṣe é sì máa ń fi èròjà díẹ̀ sí i kí ó má baà ya nínú agolo. Ohun tí kò jẹ́ kí mílíìkì ya nínú agolo, òun náà ni kì í jẹ́ kí wàràkàsì ya nínú ìkòkò.

Òṣìṣẹ́ kẹta ni ẹyin. Pupa ẹyin ní ohun kan nínú tí ó mọ bí a ti ń so ọ̀rá àti omi pọ̀. Ẹyin dára fún ẹni tí ó ní ààrò ìyanbúrẹ́dì, nítorí á jẹ́ kí makaróònì dì pọ̀ tí a óò fi lè fi ọ̀bẹ gé e. Ṣùgbọ́n ẹ má da ẹyin sínú ìkòkò tí ó ń hó o, ẹyin dídín ni ẹ óò bá níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ kẹrin wà nínú wàràkàsì kan pàtó, èyí tí a fi bébà dídán wé ní ìgun mẹ́ta, tàbí tí a gé pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá. Ní ọdún 1911, Walter Gerber àti Fritz Stettler, ará ilẹ̀ Switzerland, rí i pé bí a bá fi iyọ̀ kan tí ń jẹ́ síítíréètì sí wàràkàsì nígbà tí a ń yọ́ ọ, kò ní ya mọ́. Iyọ̀ náà tan mọ́ ohun tí ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ṣé ẹ rántí kálísíọ̀mù tí ó so ojú àwọ̀n? Iyọ̀ yìí a máa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọ̀n á sì dẹ̀. Ní ọdún 1916, James Kraft gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ẹyọ méjì wàràkàsì onígun mẹ́ta yìí kún wàràkàsì gidi, iyọ̀ inú rẹ̀ á bá gbogbo ìkòkò ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan lè ní, "Ògì ńkọ́? Sítáàṣì ṣá ni òun náà." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògì tí ó ti kan lè mú kí mílíìkì dì. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan mú un ki, síbí tíì kan kọnfúláwà tí a fi omi tútù pò ti tó.

Ẹ wá wò mí bí mo ti ń sè é. Ìdajì páálí makaróònì ni mo ní, ìyẹn gíráàmù 250. Mo dà á sínú ìkòkò, mo bu omi lé e kí ó fi ìdajì ìka bò ó mọ́lẹ̀, mo sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Wàràkàsì ní iyọ̀ tirẹ̀, ẹ má gbàgbé. Mo ń rò ó lóòrèkóòrè kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ó ti rọ̀ báyìí, omi rẹ̀ sì kù díẹ̀, ó ti ki. N kò sẹ́ ẹ o. Mo da mílíìkì agolo sí i, bí ife tíì kan. Bí ó bá ti hó lẹ́ẹ̀kan, mo sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná pátápátá. Ìgbà yìí ni mo wá ń fi wàràkàsì tí mo ti rín sí i, gíráàmù 200, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, tí mo sì ń rò ó. Ooru inú ìkòkò tó o, kò nílò iná mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ata gígún díẹ̀, ó tán. Ìkòkò kan, síbí kan, kò sí bọ́tà, kò sí ìyẹ̀fun.

Bí ó bá ṣe bí ẹni fẹ́ ya mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má da iná sí i. Ẹ bu síbí omi gbígbóná kan sí i, kí ẹ sì rò ó kíákíá. Bí ó bá tutù tí ó gan, omi gbígbóná díẹ̀ náà ni oògùn rẹ̀.

Èyí wá gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ inú rírun, tí mo ti fọwọ́ bà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni inú rẹ̀ máa ń kùn tí ó bá ti mu mílíìkì tútù ife kan, tí á máa rò pé ẹnì kan fi nǹkan sí i fún òun ni. Kò sí ẹni tí ó fi nǹkan sí i. Ní ọdún 1971, Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti tí ó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Wọ́n yẹ àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Yorùbá tí ó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́ ni ìfun wọn kò lè fọ́ ṣúgà inú mílíìkì mọ́. Àwọn Fúlàní tí wọ́n ti ń da màlúù láti ìran dé ìran, púpọ̀ nínú wọn lè fọ́ ọ. Àìsàn kọ́, bí a ti dá wa ni.

Kí ni èyí kọ́ wa nínú ìdáná? Ṣúgà yìí pọ̀ nínú mílíìkì, títí kan ti inú agolo. Ó kéré nínú wàrà, nítorí ó bá omi wàrà lọ. Nínú wàràkàsì tí ó ti pẹ́, tí ó gan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹni tí inú rẹ̀ máa ń kùn, kí ó fi mílíìkì agolo sílẹ̀, kí ó lo òṣìṣẹ́ kìíní, ìyẹn omi makaróònì, pẹ̀lú wàràkàsì tí ó gan. Ẹ má fi èyí pe ọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ ń sú tàbí tí ó ń bì nígbà tí ó bá fi ẹnu kan mílíìkì. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ìyá kan wà ní Ìlá báyìí tí ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ń sọ wàràkàsì, wàràkàsì, ta ni ó ní owó rẹ̀? Wàrà tí ó wà lójú igbá ńkọ́?" Ìyá, ẹ ṣeun. Ọ̀dọ̀ yín gan-an ni mo ń bọ̀.

Bí a bá ti kúrò ní Ìlá tí a doríkọ ìhà Ìlọrin, gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà ni a ti ń jẹ wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní á gbé mílíìkì tútù ka iná, wọ́n á fún omi ewé bọmubọmu sí i, wọ́n á máa mú iná gbóná sí i títí mílíìkì á fi dì. Wọ́n á wá dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ ro. Ní ilẹ̀ Benin, wagashi ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń fi pòròpòrò ọkà bàbà pa á láró pupa nígbà mìíràn. Ẹ má lọ máa já bọmubọmu fún ara yín o. Oje rẹ̀ lè ṣe ojú ní jàǹbá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe é.

Ẹ wo páànù kejì. Wàrà ni mo jù sí i, lójú iná kan náà tí ó yọ́ wàràkàsì. Ẹ wò ó: ó pọ́n, ó rùn dáadáa, ṣùgbọ́n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣì dúró. Wàrà kì í yọ́. Ẹni tí ó bá jù ú sínú makaróònì tí ó ń retí pé kí ó fà bíi gọ́ọ̀mù, ó ń retí òjò láàrin ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé iná tí a fi ṣe é pọ̀ púpọ̀. Ooru náà mú kí purotéènì mìíràn tí ì bá bá omi wàrà lọ lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, ojú àwọ̀n sì dí pa. Báyìí náà ni paneer ti àwọn ará Íńdíà rí. Òun náà kì í yọ́.

Àbùkù ha ni èyí bí? Ire ńlá ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé mílíìkì tútù tí a kò sè lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àìsàn ibà màlúù wọ ara ènìyàn. Iná tí a fi ṣe wàrà pa púpọ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iná, ọwọ́ ń kàn án, omi ń kàn án, eruku ọjà ń kàn án. Bí ó bá jẹ́ wàràkàsì tí ń yọ́ ni, báwo ni a óò ti ṣe wẹ̀ ẹ́? Wàrà tiwa, a lè bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀ tí ó ń hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì ní bàjẹ́. Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù láti orí igbá lójú ọ̀nà, pàápàá ẹ má fún ọmọdé àti aláboyún. Ẹ ra ti ọjọ́ náà, èyí tí kò kan, kí ẹ sì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i.

Ọ̀nà tí a fi ń fi í se makaróònì nìyí. Ẹ bọ wàrà bí mo ti wí, kí ẹ pín in sí méjì. Ẹ gé ìdajì kan wẹ́wẹ́, kí ẹ dín in nínú òróró ẹ̀pà títí yóò fi pọ́n. Ẹ lọ ìdajì kejì kúnná pẹ̀lú àlùbọ́sà díẹ̀, ata rodo kan, àti ife kan nínú omi tí ẹ fi se makaróònì. Ẹ̀rọ ìlọta dára, ọlọ náà kò burú, bí ẹ bá ti lè lọ̀ ọ́ títí kò fi ní í hun lẹ́nu. Ẹ da èyí tí ẹ lọ̀ lé makaróònì tí ó ti jinná, lórí iná díẹ̀, pẹ̀lú síbí tíì kan kọnfúláwà tí ẹ ti fi omi pò. Ẹ máa rò ó títí yóò fi hó tí yóò sì ki. Ẹ wá da wàrà dídín lé e lórí. Kò ní fà bíi ti Amẹ́ríkà. Yóò fúnfun, yóò ki, yóò sì dùn, adùn ilé wa ni. Àwọn àgbà ló kúkú wí i pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ọ̀rọ̀ mi ti ń lọ sópin. Owó tí ẹ bá fi ra bọ́tà òkè òkun, ó ti kọjá odò. Owó tí ẹ bá fi ra wàrà, ọwọ́ obìnrin tí ẹ mọ̀, tí ẹ ń kí lọ́jọ́ ọjà, ni ó bọ́ sí. Òun náà ní ọmọ tí ó ń bọ́, ó sì lè fi ra iṣu lọ́wọ́ yín. Èyí tí ó sì wù yín ni kí ẹ yàn: omi makaróònì, mílíìkì agolo, ẹyin, wàràkàsì onígun mẹ́ta, tàbí wàrà lílọ̀. Bí ìwé bá tún ní kí ẹ lọ wá nǹkan tí kò sí nílé, ẹ má tètè pa ìwé dé. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni nǹkan náà wá ṣe?" Bí ẹ bá ti mọ iṣẹ́ náà, ẹ wo ilé yín àti ọjà yín dáadáa, ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ mìíràn ti jókòó síbẹ̀ tí ó ń dúró dè yín.

Ẹ jẹun ire o. Ó di ìgbà mìíràn.